Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa àwọn Júù tó ń wá àlàáfíà pẹ̀lú àwọn ará Palẹ́sítínì

Nínú ẹbí tiwa, Kristẹni wà, Mùsùlùmí wà. Nígbà tí ogun Gásà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, àríyànjiyàn kò tán nídìí oúnjẹ mọ́. Àwọn kan ní gbogbo Júù ló lẹ́bi. Àwọn kan ní ẹni tó bá bá Ísírẹ́lì wí, Ọlọ́run ló ń bá jà. Kò sẹ́ni tó rántí sọ pé àwọn Júù kan wà tí wọ́n ti ń jà, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n ń lọ sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ ni ìbéèrè ti ń wọlé, látọ̀dọ̀ ẹbí, ọ̀rẹ́, àti ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo kó èyí tó ń padà wá jù síbí.

Ta ni àwọn èèyàn yìí gan-an?

Júù ni wọ́n. Àwọn kan ń gbé Ísírẹ́lì, àwọn kan ń gbé Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn. Rábì wà nínú wọn, ẹni tí kì í yọjú sí sínágọ́gù náà wà. Ẹgbẹ́ wọn pọ̀, wọ́n sì máa ń bá ara wọn jiyàn gidi, ẹ ó rí i níwájú. Ibi tí ohùn wọn ti ṣọ̀kan ni pé àwọn ará Palẹ́sítínì kì í ṣe àlejò lórí ilẹ̀ yẹn, pé bí Júù ṣe lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn kó fọkàn balẹ̀ ni àwọn náà ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àti pé ìjọba sójà tó ti wà lórí wọn láti ọdún 1967 gbọ́dọ̀ dópin. Ogun ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n jà lọ́dún yẹn. Inú ogun náà ni Ísírẹ́lì ti gba West Bank (ilẹ̀ àwọn ará Palẹ́sítínì tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì), Gásà àti ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù.

Ṣé ogun Gásà yìí ló bí wọn?

Rárá o. Lọ́dún 1925, kí orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì tó wà rárá, àwọn Júù kan ti kó ara wọn jọ ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Brit Shalom, ìyẹn Májẹ̀mú Àlàáfíà. Wọ́n ní kí Júù àti Lárúbáwá jọ ṣàkóso ilẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má jẹ gàba lé ẹnìkejì lórí. Ọ̀mọ̀wé Gershom Scholem wà nínú wọn. Lọ́dún 1942, Judah Magnes, rábì ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ olórí yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù, àti Martin Buber tí ayé mọ̀ sí onímọ̀ ìjìnlẹ̀, tún dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Ihud lórí irú èrò kan náà. Wọn ò pọ̀, àwọn èèyàn wọn ò sì gbọ́ tiwọn.

Èyí tó wá di ńlá ni Peace Now. Lọ́dún 1978, ọ̀rọ̀ àlàáfíà pẹ̀lú Íjíbítì fẹ́ fọ́rí sánpọ́n. Ni 348 àwọn ológun Ísírẹ́lì, àwọn tó ti jagun rí tí wọ́n ṣì lè pè padà sójú ogun, bá kọ lẹ́tà sí olórí ìjọba, Menachem Begin. Wọ́n ní kó má fi àlàáfíà du ara rẹ̀ nítorí ilẹ̀. Ẹ fọkàn sí i pé sójà ló kọ lẹ́tà yẹn. Ẹni tó ti gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ogun ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ohun tí ogun jẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ísírẹ́lì àti Íjíbítì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, àdéhùn náà ò sì tíì já títí dòní.

Ọdún 1982 ni wọ́n tún rí ìdánwò ńlá. Ísírẹ́lì ti wọ Lẹ́bánónì. Nínú oṣù kẹsàn-án, àwọn jàǹdùkú ológun Kristẹni ará Lẹ́bánónì wọ àgọ́ àwọn Palẹ́sítínì ní Sabra àti Shatila, wọ́n pa wọ́n nípakúpa, sójà Ísírẹ́lì sì yí àgọ́ náà ká. Ní Tel Aviv, èrò tú jáde. Àwọn tó pe ìwọ́de náà ní 400,000 ènìyàn ló wá, ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo èèyàn rẹ̀ nígbà náà ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Bí iye yẹn tilẹ̀ lé díẹ̀, ìjọba gbọ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì dá Ariel Sharon, mínísítà ètò ààbò, lẹ́bi. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 1983, Peace Now ń wọ́de ní Jerúsálẹ́mù pé kí ìjọba tẹ̀ lé ohun tí ìgbìmọ̀ sọ. Júù bíi tiwọn ló ju bọ́ǹbù ọwọ́ sí wọn láàrin. Emil Grunzweig, ọmọ ọdún 35, kú síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Sharon kúrò ní ipò mínísítà ètò ààbò.

Yàtọ̀ sí ìwọ́de, kí ni wọ́n ń ṣe?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ariwo lásán.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Ìyá kan láti West Bank ti dúró lórí ìlà níbi tí sójà ti ń yẹ èèyàn wò, ọmọ tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé àṣẹ ìrìnnà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá kọjá tán, táksí tó máa gbé e dé ilé ìwòsàn Ísírẹ́lì lè gba owó tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ lọ́sẹ̀ kan. Ní òdìkejì géètì, baba Júù kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń dúró dè é nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Yóò gbé wọn lọ, kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe èyí ń jẹ́ Road to Recovery. Yuval Roth ló dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ Hamas, ẹgbẹ́ ológun àwọn ará Palẹ́sítínì, ló pa àbúrò rẹ̀ lọ́dún 1993. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ bíi tirẹ̀, ará Palẹ́sítínì kan níbẹ̀ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbé arákùnrin òun tó ń ṣàìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní Haifa. Ó gbé e. Ọ̀kan di méjì. Lónìí, àwọn tó ń yọ̀ǹda ọkọ̀ àti àkókò wọn ti ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń gbé àwọn aláìsàn Gásà náà. Ogun ti dá ìyẹn dúró.

Ìgbà ìkórè ólífì, láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, iṣẹ́ mìíràn ló wà nílẹ̀. Igi ólífì ni oúnjẹ àti owó ilé ìwé ọmọ fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní West Bank. Àwọn Júù atẹ̀dó kan, tó wá kọ́ ìletò síbẹ̀, máa ń lé wọn kúrò lóko, wọ́n máa ń gé igi, wọ́n máa ń ju òkò. Nítorí náà, àwọn Rabbis for Human Rights, ẹgbẹ́ àwọn rábì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1988, máa ń kó àwọn èèyàn wọn lọ sóko náà. Wọn a tẹ́ tapólì sábẹ́ igi, wọn a gun àkàbà, wọn a máa fi ọwọ́ já èso náà sílẹ̀ pẹ̀lú onílé. Ìrònú wọn ni pé ọwọ́ òkò kì í yá bẹ́ẹ̀ tí rábì bá wà lórí àkàbà. Síbẹ̀, wọ́n ti lu àwọn rábì náà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ísírẹ́lì. Lọ́dún 2006, ilé ẹjọ́ ní dandan ni kí sójà dáàbò bo àgbẹ̀ Palẹ́sítínì lórí ilẹ̀ rẹ̀, pé lílé àgbẹ̀ kúrò lóko nítorí pé ẹlòmíràn fẹ́ lù ú kò tọ̀nà. Ìdájọ́ náà dára. Títẹ̀ lé e ni ìṣòro.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Láti ọdún 1988 ni Women in Black ti ń dúró lójúde kan ní Jerúsálẹ́mù ní gbogbo ọ̀sán Fraidé, láti aago kan sí aago méjì, nínú aṣọ dúdú. Pátákó wọn ṣe bí àtẹ́lẹwọ́ tó ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé kí ìjẹgàba dópin. Àwọn tó ń kọjá a máa bú wọn, wọn a máa tutọ́. Àwọn ìyá náà ò ní fèsì. Nígbà tí aago méjì bá lù, wọn a ká pátákó, wọn a lọ sílé lọ ṣètò Ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn obìnrin ní ọ̀pọ̀ ìlú láyé ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

Peace Now ń ka gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ sí ìletò àwọn Júù ní West Bank. Breaking the Silence, láti 2004, ń gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn sójà tó ti sìn níbẹ̀, kí ará ìlú lè mọ ohun tí wọ́n ń fi orúkọ wọn ṣe.

Ṣé àwọn tí ogun pa ọmọ wọn wà nínú wọn?

Wọ́n wà, àwọn sì ni mo máa ń rántí jù.

Yitzhak Frankenthal ló dá Parents Circle sílẹ̀ lọ́dún 1995, lẹ́yìn tí Hamas jí Arik ọmọ rẹ̀ gbé tí wọ́n sì pa á. Ìdílé Júù àti ìdílé Palẹ́sítínì tí rògbòdìyàn yìí pa èèyàn wọn ni ọmọ ẹgbẹ́, ó lé ní 600 ìdílé. Ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà láti wọ̀ ni.

Rami Elhanan jẹ́ Júù ará Jerúsálẹ́mù. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, Smadar ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 14, wà ní òpópónà Ben Yehuda. Àwọn ará Palẹ́sítínì tó so bọ́ǹbù mọ́ra pa á. Bassam Aramin jẹ́ ará Palẹ́sítínì. Ọmọ ọdún 17 ni wọ́n mú un, ó lo ọdún méje lẹ́wọ̀n Ísírẹ́lì. Nínú oṣù kìíní ọdún 2007, Abir ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 10, wà nítòsí ilé ìwé rẹ̀ ní Anata nígbà tí ọlọ́pàá ààlà Ísírẹ́lì kan yìn ín ní ọta ìbọn onírọ́bà lẹ́yìn orí. Ó kú. Nígbà yẹn, Bassam ti wà lára àwọn tó dá Combatants for Peace sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ti gbé ìbọn rí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn tó ti ṣe sójà Ísírẹ́lì rí ló wá kọ́ ibi ìṣeré sí ilé ìwé Abir ní ìrántí rẹ̀. Láti ìgbà náà, Rami àti Bassam ti di arákùnrin ara wọn. Wọ́n jọ ń lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé, wọ́n jọ ń sọ orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì.

Tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé àlàáfíà jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun ò kàn, àwọn baba méjì yìí ni mo máa ń dárúkọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2023, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ṣì ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà níbẹ̀?

Ọjọ́ burúkú ni. Nǹkan bíi 1,200 ènìyàn ni Hamas àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn pa, wọ́n jí 251 gbé lọ sí Gásà. Àwọn abúlé tó wà lẹ́bàá ààlà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn olùfẹ́ àlàáfíà ń gbé. Màmá Vivian Silver, ẹni ọdún 74, wà lára àwọn tó dá Women Wage Peace sílẹ̀ lẹ́yìn ogun Gásà ọdún 2014. Màmá náà máa ń fi ọkọ̀ gbé àwọn aláìsàn Gásà lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, ẹgbẹ́ wọn àti Women of the Sun, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Palẹ́sítínì, jọ rìn ní Jerúsálẹ́mù àti létí Òkun Òkú, ìyá Júù pẹ̀lú ìyá Palẹ́sítínì. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pa màmá náà nílé wọn ní Be'eri. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ẹbí rò pé wọ́n jí wọn gbé ni. Yonatan ọmọ wọn ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn báyìí.

Oded Lifshitz ti abúlé Nir Oz, ẹni ọdún 83, akọ̀ròyìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará Palẹ́sítínì, òun náà máa ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n jí i gbé. Òkú rẹ̀ ni wọ́n dá padà lọ́dún 2025. Hamas pa bàbá àti ìyá Maoz Inon nílé wọn. Kò pẹ́ rárá tó fi jáde sọ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n gbẹ̀san lórúkọ àwọn òbí òun. Òun àti Aziz Abu Sarah, ará Palẹ́sítínì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú lẹ́yìn tó ti ẹ̀wọ̀n Ísírẹ́lì dé, jọ ń rìn káàkiri. Ní ìlú Verona, nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn méjèèjì dì mọ́ra níwájú Póòpù Francis.

Ní Gásà, àwọn tó kú lé ní 60,000 gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ṣe kà á, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Nígbà tí àwọn Júù kan ń dá ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ lọ sí Gásà dúró lọ́dún 2024, tí wọ́n ń da àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Standing Together lọ dúró lójú ọ̀nà láti dáàbò bo àwọn ọkọ̀ náà. Júù àti Palẹ́sítínì ọmọ Ísírẹ́lì ló jọ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, Alon-Lee Green àti Rula Daood ló sì jọ ń darí rẹ̀.

Àwọn Júù Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn jù. J Street, tí Jeremy Ben-Ami dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, ń bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ràn Ísírẹ́lì, wọ́n fẹ́ kí Palẹ́sítínì náà ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Jewish Voice for Peace, tó bẹ̀rẹ̀ ní Kalifóníà lọ́dún 1996, kọjá ibẹ̀: lọ́dún 2019 wọ́n kéde pé àwọn kò fara mọ́ Zionism rárá, ìyẹn èrò pé kí Júù ní orílẹ̀-èdè tiwọn lórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti fọwọ́ sí kí ayé má bá Ísírẹ́lì dòwò pọ̀. IfNotNow jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́. Nígbà ogun ọdún 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ka Kaddish, àdúrà tí Júù máa ń gbà fún òkú, fún àwọn tó kú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ní alẹ́ Fraidé, ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn Jewish Voice for Peace kún ibùdó ọkọ̀ ojú irin Grand Central ní New York. Wọ́n tan àbẹ́là Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n wọ ẹ̀wù dúdú tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n má ṣe é lórúkọ àwọn. Ọlọ́pàá kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ. Àwọn Júù mìíràn bínú sí wọn gidigidi, wọ́n ní ọgbẹ́ àwọn ṣì tutù, wọ́n ní ẹgbẹ́ náà ò sọ̀rọ̀ tó nípa àwọn tí Hamas jí gbé. Èmi ò rò pé ó yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ìbínú yẹn sẹ́yìn.

Ọ̀dàlẹ̀ kọ́ nìyẹn? Ẹni tó ń bá ará ilé rẹ̀ wí níta?

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Ọmọ wọn ló ń lọ ṣọ́ ẹnubodè, ọmọ wọn ni bọ́ǹbù ń bá nínú bọ́ọ̀sì.

Wọ́n pe Yitzhak Rabin náà ní ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀gá ológun ni látilẹ̀ wá, kó tó di olórí ìjọba Ísírẹ́lì. Òun ló bá Yasser Arafat, olórí àwọn ará Palẹ́sítínì, ṣe àdéhùn àlàáfíà Oslo lọ́dún 1993. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1995, ó wá sí ìpàdé àlàáfíà ní Tel Aviv, ó bá èrò kọ orin, ó ká bébà orin náà sápò. Bó ṣe ń lọ síbi ọkọ̀ ni Júù kan, Yigal Amir, yìnbọn fún un. Wọ́n rí bébà orin náà nínú àpò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti rin ín.

Kristẹni ni mí. Ṣé Bíbélì ò lòdì sí ohun tí wọ́n ń ṣe?

Ẹ bi wọ́n, inú Bíbélì ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́ka sí. B'Tselem, ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1989, mú orúkọ rẹ̀ látinú Jẹ́nẹ́sísì 1:27, pé ní àwòrán Ọlọ́run ni a dá ènìyàn. Nígbà tí wọ́n bá gé igi ólífì àgbẹ̀, àwọn rábì a ṣí Diutarónómì 20:19, níbi tí òfin ti ní kí wọ́n má ṣe fi àáké gé igi eléso, kódà nígbà tí wọ́n bá dó ti ìlú. Wọ́n tún ń ka Ẹ́kísódù 23:9: ẹ má ṣe ni àlejò lára, ẹ̀yin náà ti ṣe àlejò rí ní Íjíbítì. IfNotNow mú orúkọ tirẹ̀ látinú ọ̀rọ̀ Hillel, olùkọ́ ìgbàanì, tó béèrè pé bí òun ò bá dúró fún ara òun, ta ni yóò dúró fún òun, bó bá sì jẹ́ ti ara òun nìkan, kí lòun jẹ́, tí kì í bá sì í ṣe nísinsìnyí, ìgbà wo?

Mo mọ̀ pé àwọn Júù mìíràn ń ka Bíbélì kan náà, tí wọ́n sì rí ìlérí ilẹ̀ níbẹ̀. Ìjà tó wà láàrin wọn nìyẹn, ó ti pẹ́.

Kí ni àwọn ará Palẹ́sítínì ń sọ nípa wọn?

Ohùn wọn ò ṣọ̀kan. Àwọn kan, bíi Bassam, ti rí arákùnrin níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìpàdé ìbánisọ̀rọ̀ kì í yí nǹkan kan padà. Tí ìpàdé bá tán, Júù á padà sílé rẹ̀ ní Tel Aviv, ará Palẹ́sítínì á padà sórí ìlà níwájú ìbọn, ayé á sì máa rò pé nǹkan ti dára. Ọ̀rọ̀ yẹn tọ́, àwọn olóòótọ́ nínú àwọn Júù yìí sì gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi kúrò nídìí ìpàdé, tí wọ́n ń lọ sùn sí àwọn abúlé ní gúúsù Hébúrónì kí wọ́n lè wà níbẹ̀ tí wọ́n bá wá kọlu àwọn ará abúlé lóru. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ta'ayush ti ń ṣe é láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé.

Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé?

Òótọ́ ni, nítorí dandan ni iṣẹ́ ológun fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níbẹ̀. Tal Mitnick, ọmọ ọdún 18, ló kọ́kọ́ kọ̀ ní gbangba lẹ́yìn tí ogun Gásà ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, ó jáde, ó tún kọ̀, wọ́n tún dá a padà.

Kí ni wọ́n ti rí ṣe ná?

Kò tó ohun tí wọ́n ń wá. Nígbà tí Peace Now bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni Júù tó tẹ̀dó sí West Bank. Wọ́n ti tó ìdajì mílíọ̀nù báyìí, láìka ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù. Àwọn tó ń dìbò fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn ní Ísírẹ́lì ti dín kù gan-an. Mi ò lè fi ìyẹn pa mọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ohun tí ìjọba ò fẹ́ kí wọ́n sọ. Nínú oṣù keje ọdún 2025, B'Tselem àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà, Physicians for Human Rights Israel, gbé ìwádìí jáde pé ohun tí orílẹ̀-èdè àwọn fúnra wọn ń ṣe ní Gásà jẹ́ ìpakúpa tí wọ́n fi ń run ẹ̀yà kan. Ìjọba wọn sẹ́ kanlẹ̀. Ẹ ro bó ṣe máa rí fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ẹni tó yè lọ́wọ́ Hitler láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá bá ìjọba Ísírẹ́lì wí, ṣé ó kórìíra Júù?

Rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bú Júù tó ń tajà ní London nítorí ohun tí sójà ṣe ní Gásà, ìkórìíra nìyẹn. Àwọn Júù tí mò ń sọ yìí náà kì í gba irú rẹ̀ láyè.

Èmi tí mo wà ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham, kí ni mo lè ṣe?

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún ìrìn àjò mímọ́, ẹ má ka òkúta nìkan. Ẹ bi àwọn tó ń mú yín kiri bóyá wọ́n lè jẹ́ kí ẹ bá ìdílé kan ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù jókòó, kí ẹ sì bá ìdílé Júù kan náà jókòó. Nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ dárúkọ àwọn ọmọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Èyí tó rọrùn jù: ní ìrọ̀lẹ́ tí Ísírẹ́lì bá bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́ Ìrántí àwọn tó kú sógun, lọ́dọọdún láti 2006, ètò ìrántí kan wà tí Júù àti Palẹ́sítínì jọ ń ṣe. Combatants for Peace ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun àti Parents Circle ló sì jọ ń gbé e kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kárí ayé. Nígbà tí èmi wò ó, fóònù kan ṣoṣo ló wà láàrin wa: èmi, àǹtí mi tó jẹ́ ìyá ìjọ, àti bùrọ̀dá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìrun Íṣáì dé. Ìyá Palẹ́sítínì kan sọ̀rọ̀, ìyá Júù kan tẹ̀ lé e. Àǹtí mi ní kí n gbé ohùn fóònù náà sókè.